Ó Di Ìparí Ọdún

Ní ilé ìfọṣọ wa, o lè pẹ́ dé, o lè sùn lọ lórí òkìtì táwẹ̀lì, wọ́n á kàn fi ọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbàgbé. Ṣùgbọ́n bí ṣòkòtò bá jáde lábẹ́ ọwọ́ rẹ tó ní ìlà áyọ́ọ̀nù méjì lójú ẹsẹ̀ kan, o ti wọ gàù nìyẹn. Títí wàá fi fẹ̀yìn tì ni wọ́n á máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá mi ti ń lọ aṣọ níbẹ̀ láti ìgbà tí mo ṣì wà lẹ́yìn ìyá mi, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé òun rí ìlà méjì lára ṣòkòtò tó ti ọwọ́ wọn jáde. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ènìyàn fi ń pè wọ́n ní Bàbá Ìlà-Kan.

Aṣọ òtẹ́ẹ̀lì àti ti ilé ìwòsàn la máa ń fọ̀. Èmi wà ní yàrá tí ẹrù ti ń wọlé. Èmi ni mò ń so nọ́ńbà mọ́ aṣọ kí ti ẹnì kan má baà lọ sílé ẹlòmíràn, wọ́n sì ń pè mí ní Àǹtí Táàgì. Nígbà tí ẹ̀rọ ńlá tó ń lọ aṣọ dé, àwọn tó kù ju áyọ́ọ̀nù wọn sí kọ̀rọ̀. Bàbá mi ò ju tiwọn. Wọ́n ní ẹ̀rọ lè mọ bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì, ṣùgbọ́n kò mọ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì. Áyọ́ọ̀nù náà wúwo bí ọmọ tó ti jẹun yó, ibi ìdìmú rẹ̀ sì ti jẹ wọnú bí ìka Bàbá ṣe rí. Wọ́n á fi itọ́ ra ìka, wọ́n á fi ìka náà kan àtẹ́lẹ̀ rẹ̀, bó bá ti dún ni wọ́n á mọ̀ bóyá ó gbóná tó tàbí kò tíì tó. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Èmi ọmọ bíbí inú wọn, wọ́n ti gbá mi lọ́wọ́ rí nítorí rẹ̀.

Aṣọ ìrọ̀rí kan ló tú àṣírí. Gìrìgìrì, ọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ ìfọṣọ, ló wá pè mí lẹ́nu iṣẹ́. Kì í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Gìrìgìrì, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó rọra bẹ̀rẹ̀ sí etí mi.

"Àǹtí Táàgì, ẹ wá wo Bàbá."

Mo débẹ̀, mo bá Bàbá lẹ́nu aṣọ ìrọ̀rí. Wọ́n lọ̀ ọ́ tán, wọ́n ká a, wọ́n tú u, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé wọn ò rí i rí. Aṣọ náà ti ń pọ́n, ó ti fẹ́ máa jó. Mo ní, "Bàbá, ó ti tó." Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò mí bí ẹni wo oníbàárà tí kò ní sùúrù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù," wọ́n ní. "Ẹ̀yin lẹ kàn."

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, Bàbá ò pè mí ní "ẹ" rí.

Dókítà tí mo mú wọn lọ bá ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní iyè Bàbá ń lọ díẹ̀díẹ̀, pé kì í ṣe àìsàn tó ń padà sẹ́yìn. "Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ ṣe fún wọn tí ẹ fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àwọn lẹ ṣe é fún," ó ní, "ẹ tètè ṣe é." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dé ìta, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn, mo sì sunkún bí ọmọdé.

Àárín ọdún ni Bàbá fẹ̀yìn tì. Wọn ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni àfi ẹyọ kan. Olóògbé tó dá ilé ìfọṣọ náà sílẹ̀ ti ṣèlérí fún wọn nígbà ayé rẹ̀ pé, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń lọ, gbogbo ẹ̀rọ ni wọ́n máa pa, gbogbo òṣìṣẹ́ ló máa dìde dúró, wọ́n á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní gbangba. Ìyẹn nìkan ni Bàbá ń fẹ́. Èmi náà fẹ́ ẹ fún wọn, mo sì fẹ́ ẹ kíákíá, nígbà tí wọ́n ṣì mọ̀ pé àwọn ni Bàbá Ìlà-Kan.

Mo lọ bá Màdáàmù, ọ̀gá wa, ní ọ́fíìsì. Ọmọ olóògbé yẹn ni. Bàbá mi ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di áyọ́ọ̀nù mú nígbà tí orí rẹ̀ ò tíì yọ lókè tábìlì. Ẹnu mi ò tíì pa dé tó ti gbà. Ó ní oúnjẹ máa wà, mínírà máa wà, àga máa tó ìjókòó. Inú mi dùn. Àfi bí akáǹtáǹtì tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ṣe wú ikọ́ tí kò sí lọ́fun rẹ̀.

"Màdáàmù, ẹ jẹ́ ká rọra o. Òfin wà lórí ọ̀rọ̀ pátì."

"Òfin wo tún ni?" Èmi ni mo béèrè, ohùn mi sì ti ga ju bó ṣe yẹ lọ.

"Àǹtí, kò le rárá. Bó bá jẹ́ pátì tí à ń ṣe lọ́dọọdún ni, tí a pe gbogbo òṣìṣẹ́ sí, tí ohun tí a ná lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan ò sì ju iye tí ìjọba dá lọ, kò sí wàhálà, owó orí ò kàn án. Ìyẹn ni ti ìparí ọdún. Ṣùgbọ́n pátì ìdágbére fún ẹnì kan, ìyẹn kì í ṣe ọdọọdún. Bàbá ò kúkú lè máa fẹ̀yìn tì lọ́dọọdún." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Èmi ò bá a rẹ́rìn-ín. "Ọ́fíìsì owó orí á kà á sí owó oṣù tí a fi oúnjẹ san. Gbogbo ẹni tó bá jẹ níbẹ̀, wọ́n á gé owó orí rẹ̀ lára owó oṣù wọn."

"Ṣé Màdáàmù ò lè bá wọn san án ni?"

"Owó orí tí ọ̀gá bá bá òṣìṣẹ́ san, owó oṣù lòun náà. Òun náà tún ní owó orí tirẹ̀."

"Áà! Owó orí wá ń bímọ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ò pa Màdáàmù lẹ́rìn-ín, mo sì mọ ohun tó ń rò. Lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn, pátì ìparí ọdún wa kọjá iye tí wọ́n dá, díẹ̀ báyìí, nítorí kéèkì tí ẹnì kan ní kó má kéré. Àwa rò pé orí díẹ̀ tó lé yẹn ni wọ́n máa gba owó orí lé. Wọ́n gbà á lórí gbogbo rẹ̀, látorí ìrẹsì títí dé omi. Nígbà tí owó oṣù tó tẹ̀ lé e jáde, ariwo sọ. Gìrìgìrì dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó ń pariwo pé, "Ẹran tí mo jẹ níparí ọdún ló wá ń jẹ mí padà!" Àwa náà la pa Màdáàmù láyà. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

"Àǹtí," ó ní, "ẹ jẹ́ ká pa á pọ̀ mọ́ ti ìparí ọdún. Á tiẹ̀ tún lárinrin ju báyìí lọ. Ẹ ṣáà mọ̀ pé bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba."

"Akólòlò á pe baba lóòótọ́, Màdáàmù. Ta ló máa bá wa dá baba náà dúró tó fi máa pè é tán?"

Mo wá sọ fún un wẹ́rẹ́ pé kó má se oúnjẹ kankan. Kó pa ẹ̀rọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kí gbogbo wa dìde, kó sọ pé "Bàbá, ẹ ṣé," kó tán síbẹ̀. Kò sí òfin tó lè gba owó orí lórí ìdúró. Ojú Màdáàmù kún fún omijé.

"Kí n wá da Bàbá síta lọ́wọ́ òfo? Ọkùnrin tó kọ́ mi níṣẹ́? Kí ayé máa sọ pé omi lásán ni mo fi sìn wọ́n dé ọ̀nà? Àǹtí, mi ò lè ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí n ṣe é."

Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí títí dòní. Ká ní ahun ni, ǹ bá bú u, ara mi ì bá fúyẹ́. Ìfẹ́ ló fi kọ̀.

Mo délé, mo sọ fún Bàbá pé ó di ìparí ọdún. Wọ́n rò ó díẹ̀.

"Ó dáa," wọ́n ní. "Kò jìnnà."

Ó jìnnà. Lójú ẹni tí iyè rẹ̀ ń lọ, ó jìnnà púpọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ gbàgbé orúkọ ọkọ mi, wọ́n ń pè é ní "ọ̀gbẹ́ni yẹn", ọkọ mi sì ń dáhùn, kò janpata. Wọ́n gbàgbé ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wọ́n gbàgbé pé ìyá mi ti kú, mo sì ń sọ ọ́ fún wọn, wọ́n ń sunkún tuntun, títí mo fi kọ́gbọ́n, tí mo ń sọ pé ìyá lọ kí àbúrò wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò kúrò lọ́kàn wọn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí mo bá gbé omi wọlé fún wọn, ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn.

"Ìgbà wo ni wọ́n ní àwọn máa ṣe tèmi?"

"Ìparí ọdún ni, Bàbá."

"Ó dáa. Kò jìnnà."

Wọ́n á ní kí n gbé ṣẹ́ẹ̀tì funfun wọn wá, kí n lọ̀ ọ́. Wọ́n á wo kọ́là rẹ̀, wọ́n á mi orí. Èmi ò mọ̀ ọ́n lọ̀ rí lójú wọn.

Nígbà tí ìparí ọdún ọ̀hún wá dé, wàhálà mìíràn yọjú. Akáǹtáǹtì ní Bàbá kì í ṣe òṣìṣẹ́ mọ́. Ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ò lè wá àfi kó jẹ́ àlejò òṣìṣẹ́ kan, àlejò kan ṣoṣo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan sì lè mú wá kí ìnáwó má baà tún fò kọjá. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, kì í ṣe èèyàn burúkú. Àmọ́ mo fẹ́ gbá a létí. Pátì tí a tìtorí rẹ̀ sún ti Bàbá síwájú, Bàbá ò lè wọ ibẹ̀ bí kò ṣe lábẹ́ orúkọ mi!

Ọkọ mi ló yẹ kó jẹ́ àlejò mi. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ fún un lórí oúnjẹ. Kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lórí abọ́.

"Mú bàbá rẹ lọ, jàre. Ṣé ìrẹsì ò sí nílé ni?"

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn tí wọ́n fẹ́ fún Bàbá tún wà níbẹ̀, èmi ò sì mọ̀ nípa rẹ̀ rárá. Akáǹtáǹtì ti sọ fún wọn pé ẹ̀bùn olówó gọbọi náà ní òfin tirẹ̀, Gìrìgìrì wá mú àbá wá pé kí wọ́n fún Bàbá ní ohun tí wọn ò ní fi owó rà. Áyọ́ọ̀nù Bàbá ṣì wà lórí tábìlì wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti lọ. Gìrìgìrì gé wáyà rẹ̀, ó nu ún, ó fi ọ̀dà aláwọ̀ góòlù kùn ún lókè, ó kùn ún nísàlẹ̀, ó jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ó tún kùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Ká ní àárín ọdún la ṣe ìdágbére náà ni, kò sí ẹni tí ì bá ráyè rò ó débẹ̀. A ì bá kàn gbé e fún Bàbá bó ṣe wà.

Ọ̀sán Sátidé ni. Kí ìnáwó má baà pọ̀, inú gbọ̀ngàn tí a ti ń lọ aṣọ náà la ti ṣe é. Wọ́n ti to àwọn tábìlì ìlọṣọ pọ̀, wọ́n fi aṣọ tábìlì òtẹ́ẹ̀lì bò wọ́n, ìrẹsì àti adìyẹ wà nínú ike, mínírà wà nínú omi tútù. Akáǹtáǹtì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka orí ènìyàn, ara rẹ̀ balẹ̀. Mo di ọwọ́ Bàbá mú. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni wọ́n wọ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò tí mo fi gbogbo àárọ̀ lọ̀ kó má baà ní ìlà méjì.

Gbogbo ènìyàn ń kí wọn. "Bàbá Ìlà-Kan! Ẹ káàbọ̀ o!" Bàbá ń dá wọn lóhùn, "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́," bí ẹni tó gba ibì kan kọjá. Wọn ò mọ ibi tí a wà. Nígbà tí a jókòó, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa aṣọ tábìlì náà, ojú wọn sì le.

"Ta ló lọ èyí?"

"Ẹ̀rọ ni, Bàbá," Gìrìgìrì dáhùn.

"Sọ fún Ẹ̀rọ kó wá rí mi."

Ẹ̀rín bú sáyé nínú gbọ̀ngàn. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rò ó lọ́kàn mi pé bóyá Ọlọ́run máa ṣàánú, bóyá ó máa bọ́ sí ọjọ́ tí iyè wọn ṣí díẹ̀.

Màdáàmù ní kí wọ́n pa gbogbo ẹ̀rọ, àní èyí tó ń fa afẹ́fẹ́ gbígbóná jáde. Mi ò gbọ́ kí ibẹ̀ dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo wa dìde dúró. Bàbá rí i pé a dìde, àwọn náà dìde. Màdáàmù sì sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ dáadáa, mi ò lè fi dù ú. Ó sọ bí ọkùnrin kan ṣe wá síbẹ̀ nígbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, bó ṣe lọ aṣọ ìgbéyàwó fún ọmọ òtòṣì láìgba nǹkan kan, bó ṣe máa ń lọ aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì ṣáájú ti ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì. Ó ní ọkùnrin náà ló fi ọwọ́ rẹ̀ lé orí ọwọ́ òun, nígbà tí òun kéré, tó kọ́ òun pé kí òun má tẹ áyọ́ọ̀nù, pé kí òun jẹ́ kó fi ìwúwo ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àtẹ́wọ́ sì ró.

Bàbá ń pàtẹ́wọ́ ju gbogbo wa lọ. Wọ́n tẹ̀ sọ́dọ̀ mi.

"Ọkùnrin yẹn mà ṣiṣẹ́ o."

"Ó ṣiṣẹ́, Bàbá."

"Ẹni rere ni." Wọ́n wo àyíká, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó wà níbi òkú. "Ìgbà wo ló kú?"

Màdáàmù gbọ́ ọ. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó gbọ́ ọ.

Gìrìgìrì ò gbọ́ tirẹ̀. Ó ti ń gbé àpótí kan bọ̀ láti ẹ̀yìn, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń pariwo pé kí wọ́n fún òun láyè. Ó gbé e ka iwájú Bàbá, ó ṣí i. Mo rí ojú Bàbá mi bó ṣe là. Ojú tí mo ti ń wá láti ọjọ́ aṣọ ìrọ̀rí, ó padà dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ wọn lọ tààrà sí ibi ìdìmú, ìka wọn sì bọ́ sínú ihò wọn. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Gbogbo gbọ̀ngàn hó.

Wọ́n fi itọ́ ra ìka, wọ́n yí áyọ́ọ̀nù padà, wọ́n fi ìka kan àtẹ́lẹ̀ rẹ̀. Kò dún. Wọ́n tún kàn án. Wọ́n wá tẹjú mọ́ ọn.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Bàbá, góòlù ni," Gìrìgìrì ní. "Góòlù la fi dá yín lọ́lá."

"Ṣé góòlù ló máa lọ kọ́là? Ẹ kun àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ lọ́dà! Aṣọ funfun rèé nílẹ̀, ẹ kun àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ lọ́dà! Bí mo bá gbé e lé aṣọ èèyàn ńkọ́?" Ohùn wọn já. "Ẹ ti bà á jẹ́. Iṣẹ́ mi ti bà jẹ́."

Wọ́n mú ṣíbí tí wọ́n fi jẹ ìrẹsì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ha ọ̀dà náà, wọ́n ń ha á, wọ́n ń sunkún, ọ̀dà góòlù sì ń rọ̀ sórí aṣọ tábìlì. Gìrìgìrì dúró síbẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀, kò mọ ibi tí yóò kó ọwọ́ sí. Màdáàmù kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ̀bi mi ni."

Bàbá wò ó. Wọ́n fi ọwọ́ pa á lórí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọdé.

"Má sunkún, ọmọ mi, ìwọ kọ́," wọ́n ní. "Lọ bá mi pe bàbá rẹ wá. Ó máa bá mi wá ẹni tó ṣe é."

Mo ní kí wọ́n bá mi pe tákísì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ò jẹun tán. Akáǹtáǹtì ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún wa.

Nínú ọkọ̀, Bàbá gbé áyọ́ọ̀nù náà lé itan, wọ́n ń fi èékánná ha á. Ọ̀dà náà ń já bọ́ sórí ṣòkòtò wọn, lójú ìlà tí mo fi gbogbo àárọ̀ lọ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n máa ha á. Títì dá, àwọn ilé ìtajà ti ń tì. Nígbà tó ṣe, ọwọ́ wọn rọ̀, ojú wọn sì fara balẹ̀. Ìbínú ti lọ síbi tí gbogbo nǹkan ń lọ. Wọ́n kọjú sí mi.

"Ohun tí wọ́n ṣe fún ọkùnrin yẹn dára."

"Ó dára, Bàbá."

"Wọ́n pa ẹ̀rọ. Wọ́n dìde dúró fún un."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Wọ́n tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì wọn ṣe.

"Tèmi ńkọ́? Ìgbà wo ni wọ́n ní àwọn máa ṣe tèmi?"

Awakọ̀ gbójú wò wá nínú dígí. Mo gba ọwọ́ Bàbá mú, ọ̀dà góòlù wà lábẹ́ gbogbo èékánná wọn.

"Ìparí ọdún ni, Bàbá."

"Ó dáa," wọ́n ní. "Kò jìnnà."